Hubert Harrison: Òṣìṣẹ́ tí ó Kàwé Lóru

Ẹ ti oko dé, ẹ ti ọjà dé, ẹ ti ìsọ̀ dé, síbẹ̀ ẹ kò lọ sùn. Ẹ mú ìwé, ẹ jókòó sídìí iná. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín, tí òun náà ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí ó sì kàwé lóru. Orúkọ rẹ̀ ni Hubert Henry Harrison. Ènìyàn dúdú ni. Kò gba oyè kankan ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ní ìlú Nìú Yọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó lọ sí yunifásítì máa ń dúró lójú títì láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ ó rí ohun tí ìwé fún un. Ẹ ó sì rí ohun tí ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

1. Erékùṣù ìrèké

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1883 ni wọ́n bí Hubert Harrison ní Saint Croix. Saint Croix jẹ́ erékùṣù kan nínú òkun Kàríbíà. Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Ní ìgbà náà, àwọn òyìnbó Dẹ́nmákì ni ó ń ṣe ìjọba ibẹ̀. Àwọn òyìnbó yìí kan náà ni ó kọ́ ilé olódi sí Accra, ní etí òkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn dúdú lẹ́rú lọ sí òkè òkun láti lọ gbin ìrèké. Ìrèké náà ni wọ́n fi ń ṣe ṣúgà àti ọtí.

Ní ọdún 1848, àwọn ẹrú Saint Croix kó ara wọn jọ, wọ́n lọ sí ìlú Frederiksted, wọ́n ní àwọn kò sìn mọ́. Gómìnà rí i pé apá òun kò ká wọn, ó kéde òmìnira. Ṣùgbọ́n òmìnira náà kò kún. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba ṣe òfin tí ó so òṣìṣẹ́ mọ́ oko ọ̀gá kan fún odidi ọdún. Owó iṣẹ́ sì kéré. Ní ọdún 1878, ọ̀rọ̀ náà sú wọn. Wọ́n dìde, wọ́n sun ọ̀pọ̀ oko ìrèké. Àwọn obìnrin wà lára àwọn tí ó ṣáájú wọn. Ọdún 5 lẹ́yìn ìjà yìí ni wọ́n bí Hubert.

Ìyá rẹ̀, Cecilia Haines, òṣìṣẹ́ ni. Erékùṣù Barbados ni ó ti wá. Bàbá rẹ̀, Adolphus Harrison, inú ẹrú ni wọ́n bí i sí. Hubert lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe igbákejì olùkọ́ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì dàgbà. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ kú. Ní ọdún 1900, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 17, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Nìú Yọ́ọ̀kì.

2. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́

Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, ohun kan yà á lẹ́nu. Ní Saint Croix, òtòṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú, wọ́n sì mọ ìyà. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àwọ̀ ara ni ó ń sọ ilé tí ènìyàn lè gbé, iṣẹ́ tí ó lè ṣe àti ibi tí ó lè jókòó sí. Ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, èrò lè kó ara wọn jọ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n mú ọkùnrin dúdú, kí wọ́n so ó rọ̀ mọ́ igi láìsí ẹjọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bi wọ́n léèrè. Ní ìgbà tí Hubert dé, irú èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́dọọdún.

Hubert kò ní ẹni tí yóò máa bọ́ ọ. Ó ń jíṣẹ́ kiri. Ó ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ń gbé ẹrù àlejò. Ó tún ṣiṣẹ́ nídìí àpótí tí ń gbé ènìyàn lọ sí òkè nínú ilé gíga. Ó ń gbé àwọn ẹlòmíràn gòkè, ó ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á gba ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí oorun ti ń kun ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀. Kò jẹ́ kí oorun dá òun dúró. Ní ọdún 1903, ó gba àmì-ẹ̀yẹ fún ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ náà. Ìwé ìròyìn kan ní Nìú Yọ́ọ̀kì gbé e jáde pé ọpọlọ rẹ̀ pé jọjọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ parí, kò sì sí owó fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Hubert sọ ilé ìkàwé ìlú di ilé-ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀. Ó ka ìtàn, ó ka ìṣèlú, ó ka sáyẹ́ǹsì, ó ka ohun gbogbo tí ó bá rí nípa Áfíríkà. Láti ọdún 1907, ó ní ìwé kan tí ó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ sí. Ó ń gé ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé ńlá. Ẹ rántí àwọn ìwé wọ̀nyí. A ó tún padà dé orí wọn.

Ó tún ń lọ sí ẹgbẹ́ ìjíròrò tí àwọn ènìyàn dúdú dá sílẹ̀ ní ilé ìjọsìn. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ kan á dìde, á sọ tẹnu rẹ̀. Òmíràn á gbè é lẹ́yìn, tàbí kí ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu Harrison ti mú. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣe ẹ̀sìn Kristi mọ́ ní àkókò yìí. Ó fẹ́ máa wádìí ohun gbogbo kí ó tó gbà á gbọ́.

3. Lẹ́tà méjì

Ní ọdún 1907, Harrison rí iṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí èyí jẹ́. Ní àkókò náà, díẹ̀ ni iṣẹ́ tí ènìyàn dúdú lè rí ní Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ dúró. Iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Owó ń wọlé déédéé. Ní ọdún 1909, ó fẹ́ Irene Louise Horton. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bímọ.

Ní àkókò yìí kan náà, ènìyàn dúdú tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ni Booker T. Washington. Inú ẹrú ni wọ́n bí òun náà sí, ó sì ṣe iṣẹ́ rere. Ní ọdún 1881, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee sílẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Òkìkí ilé-ẹ̀kọ́ náà kàn dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ní ọdún 1901, nígbà tí Tógò wà lábẹ́ àwọn Jámánì, àwọn ará Tuskegee wá sí Tógò láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ti ń gbin òwú tí àwọn Jámánì ń fẹ́.

Washington gba àwọn ènìyàn dúdú níyànjú pé kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n má tíì jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò. Àwọn òyìnbó olówó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba pàápàá ń bi í léèrè kí ó tó fi ènìyàn dúdú sí ipò ńlá. Ní ọdún 1910, Washington lọ sí Yúróòpù, ó sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé nǹkan ń dára sí i fún ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà.

Harrison gbọ́. Ó mú kálámù, ó kọ lẹ́tà méjì sí ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Sun ní Nìú Yọ́ọ̀kì. Ó fi hàn nínú wọn pé ọ̀rọ̀ kò rí bí Washington ti sọ ọ́. Ìwé ìròyìn tẹ̀ wọ́n jáde.

Àwọn ènìyàn Washington ní Nìú Yọ́ọ̀kì gba ẹ̀yìn lọ bá àwọn ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1911, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Harrison.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ rò ó wò. Ẹ ní aya nílé, ẹ ní ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ sì ní owó ilé láti san. Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Washington. Harrison kò lọ. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, owó kò tó wọn mọ́ nílé. Àwọn ọmọ náà di 5, obìnrin 4 àti ọkùnrin 1. Orí Irene ni ìnira náà pọ̀ sí jù. Nígbà tí a bá ń yin ọkùnrin tí ó sọ òtítọ́, ó yẹ kí a dárúkọ obìnrin tí ó bá a jẹ ìyà rẹ̀.

4. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́

Lẹ́yìn èyí, Harrison bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ Sọ́síálístì. Ẹgbẹ́ yìí ní òṣìṣẹ́ ni ó ń ṣe ọrọ̀, nítorí náà kò yẹ kí èrè rẹ̀ jẹ́ ti àwọn olówó díẹ̀ nìkan. Harrison gbà bẹ́ẹ̀. Ó sì fi ohun kan kún un tí àwọn olórí ẹgbẹ́ kò tíì rò dáadáa.

Ó ní wọn kò dá ìkórìíra àwọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Èrè ni ó bí i. Bí òṣìṣẹ́ òyìnbó bá kórìíra òṣìṣẹ́ dúdú, wọn kò ní lè pa ohùn pọ̀, ọ̀gá wọn yóò sì máa san owó kékeré fún àwọn méjèèjì. Ó ní òṣìṣẹ́ dúdú ni wọ́n ń fi ìyà jẹ jù lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní òun ń jà fún òṣìṣẹ́, tí kò jà fún ènìyàn dúdú, kò tíì ṣe ohun tí ó ní òun ń ṣe.

Ní ọdún 1913, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ń hun aṣọ ṣẹ́dà ní ìlú Paterson da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yúróòpù dé. Harrison lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Sọ́síálístì ní àwọn ẹ̀ka tí kò jẹ́ kí ènìyàn dúdú bá òyìnbó jókòó pọ̀. Àwọn olórí ẹgbẹ́ kò fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀ràn náà. Harrison kò sì yé sọ ọ́. Ní ọdún 1914, wọ́n dá a dúró fún oṣù 3. Ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

5. Ilé-ẹ̀kọ́ ojú títì

Iṣẹ́ ìjọba ti lọ, ẹgbẹ́ náà ti lọ. Ohun tí ó kù fún un ni ẹnu rẹ̀ àti ìwé tí ó ti kà. Ó ń gun orí àpótí tàbí àkàsọ̀ kékeré ní igun òpópó, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ó sọ̀rọ̀ ní Wall Street, níbi tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá wà. Ó sọ̀rọ̀ ní Madison Square. Jù lọ, ó sọ̀rọ̀ ní Harlem, àdúgbò tí àwọn ènìyàn dúdú ń ṣí lọ ní Nìú Yọ́ọ̀kì. Àwọn kan ń ti ìhà gúúsù bọ̀, àwọn kan ń ti àwọn erékùṣù Kàríbíà bọ̀ bíi tirẹ̀.

Kí ni ó ń kọ́ wọn? Ìtàn Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ ìbò. Sáyẹ́ǹsì. Ìwé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ á bi í ní ìbéèrè. Ẹni tí kò gbà fún un á sọ bẹ́ẹ̀, Harrison á sì dá a lóhùn lórí àpótí níbẹ̀. Bí ó bá parí ọ̀rọ̀, á ta ìwé fún wọn. Owó kékeré tí ó bá rí níbẹ̀ ni ó ń mú lọ sílé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan wà lára àwọn tí ń dúró gbọ́ ọ ní Madison Square. Henry Miller ni orúkọ rẹ̀. Ó di òǹkọ̀wé olókìkí lẹ́yìn náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun kò gbàgbé ọkùnrin dúdú náà. Ní Harlem, wọ́n ń pe Harrison ní Sókrátísì Dúdú. Sókrátísì jẹ́ ọlọ́gbọ́n kan ní ilẹ̀ Gíríìsì láyé àtijọ́, tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ ní ọjà àti ní ìgboro.

6. Ọdún 1917

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1917, Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé kìíní. Ìjọba ní òmìnira ni àwọn ń jà fún. Harrison béèrè pé òmìnira ta ni? Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ó pe ìpàdé ní ilé ìjọsìn Bethel ní Harlem. Èrò kún ibẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Liberty League, èyí ni ẹgbẹ́ Òmìnira. Wọ́n ní kí ìjọba ṣe òfin tí yóò fi ìyà jẹ àwọn tí ń so ènìyàn rọ̀ láìsí ẹjọ́. Wọ́n ní kí ìjọba jẹ́ kí ènìyàn dúdú dìbò, nítorí ó ti wà nínú òfin ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Kò tíì tó oṣù kan lẹ́yìn náà nígbà tí nǹkan tún bẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, ní ìlú East Saint Louis, àwọn òyìnbó ya bo àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú. Wọ́n sun ilé, wọ́n yìnbọn. Ó kéré tán, ènìyàn dúdú 39 ni ó kú. Harrison sọ ní gbangba pé bí ìjọba kò bá dáàbò bo ènìyàn, ènìyàn náà ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ba àwọn kan lẹ́rù, kódà láàárín àwọn ènìyàn dúdú.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje náà, ó gbé ìwé ìròyìn jáde. Orúkọ rẹ̀ ni The Voice, ìyẹn ni Ohùn. Ìwé ìròyìn kì í dúró láìsí owó ìpolówó. Ní àkókò náà, àwọn tí ń san owó dáadáa fún ìwé ìròyìn ènìyàn dúdú ni àwọn tí ń ta ìpara tí ń bó ara àti oògùn tí ń na irun. Harrison kọ owó wọn. Ó ní òun kò lè sọ fún àwọn ènìyàn òun lójú ewé kan pé kí wọ́n gbé orí sókè, kí òun sì tún sọ fún wọn lójú ewé kejì pé kí wọ́n bó àwọ̀ wọn. Ìwé ìròyìn náà ń jáde, ó ń dúró, ó tún ń jáde. Ní ọdún 1919, ó kú pátápátá.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1918, Harrison àti William Monroe Trotter ṣáájú ìpàdé ńlá àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Wọ́n tún béèrè òfin kan náà. Ó di ọdún 2022 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1918 yìí kan náà, W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé ńlá láàárín àwọn ènìyàn dúdú, kọ̀wé pé kí wọ́n gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn tì sí apá kan títí ogun yóò fi parí. Ó sì ń wá ipò ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ní ìgbà náà. Harrison kọ̀wé lòdì sí i, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Kò wo ti pé ọ̀mọ̀wé ni.

7. Harrison àti Garvey

Ní ìpàdé ilé ìjọsìn Bethel tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, Harrison fi àlejò kan han àwọn èrò, ó ní kí ó bá wọn sọ̀rọ̀. Ará Jàmáíkà ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1916. Marcus Garvey ni. Láìpẹ́, ẹgbẹ́ Garvey tóbi ju ti Harrison lọ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Òmìnira ni ó lọ bá a.

Harrison kò jowú. Ní ọdún 1920, ó gbà láti di olóòtú ìwé ìròyìn Garvey tí ń jẹ́ Negro World. Ó tún un ṣe. Ó fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ nípa ìwé tuntun, kí òṣìṣẹ́ lásán lè mọ ìwé tí ó yẹ kí ó wá kà. Àwọn atukọ̀ ń gbé ìwé ìròyìn náà dé àwọn etí òkun Áfíríkà. Àwọn ìjọba amúnisìn kò fẹ́ ẹ. Àwọn Faransé náà fòfin dè é ní Dahomey tiwa.

Ṣùgbọ́n Harrison kò lè dákẹ́. Garvey ń gba owó lọ́wọ́ àwọn òtòṣì láti ra ọkọ̀ ojú omi. Harrison rí i pé àwọn ọkọ̀ náà ti gbó àti pé owó náà ń ṣòfò. Ó sọ ọ́. Ó sì fi ibẹ̀ náà sílẹ̀. Báyìí, ó ti bá Washington jà, ó ti bá Sọ́síálístì jà, ó ti bá Du Bois jà, ó sì ti bá Garvey jà. Àwọn tí ó kù láti bá a dúró kò pọ̀ mọ́.

8. Ohun tí ó ní kí wọ́n kọ́

Ní ọdún 1920, Harrison tẹ ìwé kan jáde tí orúkọ rẹ̀ dà bí ẹni pé: Nígbà tí Áfíríkà bá Jí. Nínú rẹ̀, ó sọ ohun kan tí ó kàn wá. Ní àkókò rẹ̀, àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà máa ń rò pé àwọn ni yóò wá la Áfíríkà lójú. Harrison ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará Áfíríkà. Ó ní dípò tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú yóò fi máa kọ́ èdè Látìnì àti Gíríìkì àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́, kí wọ́n kọ́ Hausa àti Lárúbáwá, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń sọ wọ́n ní Áfíríkà. Ó ní kí wọ́n kọ́ ìtàn àti àṣà àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwa náà ni ó ń sọ yẹn.

Ó tún gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n máa kàwé ní àkókò tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀, kí gbogbo ìsinmi wọn má jẹ́ ti ijó.

Láti ọdún 1922 sí 1926, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìlú Nìú Yọ́ọ̀kì gbà á láti máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin tí kò lọ sí yunifásítì wá ń kọ́ àwọn tí ó lọ. Ní ọdún 1925, ó wà lára àwọn tí ó ṣe ìrànlọ́wọ́ láti kó ìwé ìtàn àwọn ènìyàn dúdú jọ sí ilé ìkàwé òpópó 135 ní Harlem. Ilé ìkàwé náà wà títí di òní. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń ti gbogbo ayé lọ síbẹ̀.

9. Ibojì tí kò ní orúkọ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1927, àìsàn inú kọ lu Harrison. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Bellevue, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Ọmọ ọdún 44 ni.

Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Woodlawn ní Nìú Yọ́ọ̀kì, nínú ibojì tí òun àti àwọn ẹlòmíràn jọ wà. Kò sí òkúta lórí rẹ̀, kò sí orúkọ. Kò fi ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ tí yóò máa sọ ìtàn rẹ̀. Kò sì fi owó sílẹ̀. Àwọn ọmọ Garvey ń sọ ti Garvey, àwọn ọmọ Du Bois ń sọ ti Du Bois. Láìpẹ́, díẹ̀ ni ó mọ̀ pé ẹnì kan wà tí ń jẹ́ Hubert Harrison.

Ṣùgbọ́n a ní kí ẹ rántí àwọn ìwé tí ó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ sí. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò jù wọ́n nù. Wọn kò lówó, síbẹ̀ wọ́n tọ́jú àpótí ìwé bàbá wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó yá, ẹnì kan wá béèrè rẹ̀. Òyìnbó ni, Jeffrey B. Perry ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí yóò yà yín lẹ́nu ni pé òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Ó ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń ka ìwé Harrison bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó kọ ìwé ńlá 2 nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Ní ọdún 2005, yunifásítì Columbia ní Nìú Yọ́ọ̀kì gba àwọn ìwé Harrison sí ilé ìkàwé rẹ̀. Ní ọdún 2014, wọ́n gbé òkúta sí ibojì rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ọdún 87 ni ó fi wà láìní orúkọ.

10. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí

A kò ní sọ fún yín pé ìwé yóò sọ yín di olówó. Kò sọ Harrison di olówó. Ohun tí ìwé ṣe fún un ni pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún un kí ó má mọ̀. Nígbà tí ó sì mọ̀, kò gbé e pamọ́.

Ẹ ti ń lè ka ìwé owó orí yín báyìí. Ẹ ti ń lè ka òṣùwọ̀n lórí ìwọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń wọn òwú tàbí ẹ̀kúrọ́ yín. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó rí i pé ohun tí a kọ kò bá ohun tí a sọ fún yín mu. Ní ọjọ́ náà, ẹ rántí òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ó kọ lẹ́tà méjì. Kí ẹ sì fi ìwé tiyín pamọ́ dáadáa, títí kan èyí tí ẹ ń kọ ní kíláàsì alẹ́ yìí. Ẹnì kan lè wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín.

Ìbéèrè

1. Níbo ni wọ́n bí Hubert Harrison, ní ọdún wo?
2. Irú iṣẹ́ wo ni ó ṣe nígbà tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́?
3. Kí ni ó fà á tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1911?
4. Kí ni ìdí tí kò fi gba owó àwọn tí ń ta ìpara tí ń bó ara? Ṣé ẹ̀yin gbà pé ó tọ̀nà?
5. Ta ni ó tọ́jú àwọn ìwé rẹ̀ lẹ́yìn tí ó kú?
6. Ẹ jíròrò rẹ̀ láàárín ara yín: ẹni tí ó ní aya àti ọmọ, ṣé ó yẹ kí ó kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀? Kí olúkúlùkù kọ ìlà 5 lórí ohun tí òun rò.